Lẹ́tà sí Màmá lórí àìsàn Ìyá Ìbejì

Leeds, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Màmá mi,

Mo gbọ́ ohùn yín lórí WhatsApp, ẹ ní àwọn àna wa ní Ẹ̀pẹ́ ń sọ pé ìdílé yín ni àìsàn àbúrò mi, Ìyá Ìbejì, ti wá. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni wọ́n sọ.

Àìsàn tó ń ṣe é, tí wọ́n ń pè ní Graves, kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ayé. Àjẹsára ara rẹ̀ ló ṣìnà, tó ń mú kí táírọ́ọ̀dì, ẹṣẹ́ kékeré iwájú ọ̀fun, máa ṣiṣẹ́ àṣejù. Òun ló fà á tí àyà rẹ̀ fi ń lù kì-kì, tó ń jẹun tó sì ń rù, tí ojú rẹ̀ yọ síta.

Lóòótọ́, èèyàn lè jogún ewu rẹ̀, ṣùgbọ́n àbùdá tó ń dá kún un pọ̀, látọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá ni. Ní Denmark, wọ́n ṣèwádìí àwọn ìbejì tó jọra délẹ̀, tí àbùdá wọn jẹ́ ọ̀kan náà. Bí Graves bá mú Táyé, nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan péré nínú ìgbà mẹ́ta ni Kẹ́hìndé náà máa ń ní in. Bí ìbejì bá lè bọ́, mélòó mélòó ni ọmọ ìyá lásán? Gẹ̀gẹ̀ tó wà lọ́rùn Màmá Àgbà wa sì lè jẹ́ oríṣi mìíràn, èyí tí àìtó áyódíìnì ń fà, torí kó tó di 1993 tí ìjọba sọ ọ́ di dandan, áyódíìnì ò wọ́pọ̀ nínú iyọ̀ wa.

Kí Ìyá Ìbejì máa lo oògùn carbimazole rẹ̀ lójoojúmọ́. Bí ibà bá mú un, tàbí tí ọ̀fun bá ń dùn ún, kó dá oògùn náà dúró, kó lọ sí ọsibítù Jẹ́nẹ́rà Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Bó bá fẹ́ lóyún, kó kọ́kọ́ sọ fún dókítà. Áyódíìnì inú ẹja ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ ò ní ṣe é ní nǹkan, àmọ́ kó má fẹnu kan àgbo tàbí oògùn áyódíìnì. Ẹ bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́: èéfín sìgá ń ba ojú ìyàwó rẹ̀ jẹ́ sí i.

Ẹ̀yin àti àwọn àbúrò mi obìnrin ní Ìkòròdú ńkọ́? Obìnrin ni àìsàn yìí ń mú jù. Èkejì rẹ̀, àìsàn táírọ́ọ̀dì tí dókítà Hashimoto ará Japan ṣàpèjúwe ní 1912, máa ń wà nínú ìdílé kan náà: ó ń mú kó rẹni, kí òtútù máa múni, kí èèyàn máa sanra. Ẹni tó bá rí irú èyí, kó lọ sí Jẹ́nẹ́rà Ìkòròdú fún àyẹ̀wò TSH, kó sì sọ pé àìsàn táírọ́ọ̀dì wà nínú ìdílé.

Mo ti fi owó àyẹ̀wò ránṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ra ankara o.

Ọmọ yín àgbà