Yíyan Àmì

Eré àwa ọmọ Alákíà, lẹ́bàá pápá ọkọ̀ òfurufú Ìbàdàn, ni jíju ìdérí agolo lu àmì. Ẹnikẹ́ni kò la pápá fún wa. Àwa ni a ń yan àmì. Akèrègbè ẹmu wà lára ọ̀pẹ; àwọn ìyá pàtẹ sábẹ́ máńgòrò. Ẹni tí ó sọ òkò sí ọjà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà. Kùkùté ẹ̀bá ọ̀nà oko ni a fẹnu kò sí.

Ní 1926, àwọn ọmọ iléèwé ní Bladworth, ní Kánádà, ju ìdérí agolo bákan náà. Ní Amẹ́ríkà, igi àti òpó iná ni àmì ṣáájú agbọ̀n onírin tí Ed Headrick gba ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní 1977.

Agbọ̀n dára, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń yan àmì fúnra rẹ̀ ní í kọ́ láti ro ti ẹnìkejì kí ó tó gbé apá sókè.