Jẹ́ Kí Àwọn Ọmọ Náà Wà Nínú Ìsìn

Òkè-Àdó,
Ìbàdàn.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Bàbá Tìmí ńkọ́? Ìbùkún ńkọ́, ṣé eyín tó ń yọ ti ń jẹ́ kó sùn lóru?

Màmá ló sọ fún mi pé o ní o ò kó àwọn ọmọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, ó di ìgbà tí wọ́n bá dàgbà díẹ̀. Wọ́n ní àgbà ìjọ kan ló dìde láàárín ìwàásù, tó ní kí o gbé Tìmí jáde, tí gbogbo èèyàn sì yíjú wò ọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Ohun tí bàbá yẹn ṣe kò dára, bó ti wù kí ipò wọn ga tó nínú ìjọ. Ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi fún ẹkùn pa jẹ. Ojú gbogbo ìjọ ni àlùfáà ti ṣe ìrìbọmi fún Tìmí, tí wọ́n sì gbà á sínú agbo. Ẹni tí wọ́n ti gbà wọlé, ta ló tún fẹ́ lé e jáde torí pé ó ké?

Ṣùgbọ́n má torí ẹnì kan ṣoṣo fi àwọn ọmọ sílẹ̀ nílé. Rántí ìlú tí wọ́n bí wa sí. Nígbà tí míṣọ́nnárì David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀ wá tẹ̀dó sí Ìbàdàn ní 1853, àwọn ọmọdé wà lára àwọn tó kọ́kọ́ sún mọ́ wọn. Ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè fi ọmọ rẹ̀ méjì, Yéjídé àti Akínyẹlé, lé wọn lọ́wọ́ kí wọ́n kọ́ wọn níwèé. Anna kò bímọ, síbẹ̀ ilé rẹ̀ kún fún ọmọ, wọ́n ń bá a gbé, wọ́n sì ń bá a lọ sí ìsìn. Ìjọ tí wọ́n gbìn sí Kúdẹtì, St. David's, ṣì wà níbẹ̀ dòní. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ariwo ọmọdé ti wà nínú ìsìn ní Ìbàdàn.

Mo mọ̀ pé wọ́n ní yàrá ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì yín. Ó dára, jẹ́ kí Tìmí máa lọ síbẹ̀ nígbà ìwàásù. Ṣùgbọ́n kó wà lọ́dọ̀ rẹ nígbà orin, nígbà Sáàmù, nígbà àdúrà àti ọrẹ. Nígbà tí Robert Raikes bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ní Gloucester ní 1780, àwọn ọmọ tálákà tó ń fi ọjọ́ mẹ́fà ṣiṣẹ́ ló ń rò, kí wọ́n lè mọ ìwé kà lọ́jọ́ keje. Kò dá a sílẹ̀ kí àwọn àgbà lè ráyè sinmi lọ́wọ́ ọmọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí o mọ̀ jù ni pé ọmọdé ń gbọ́. Ìwé Àdúrà wa kì í yí padà láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, èyí tó ń sú àgbà nínú rẹ̀ gan-an ló ń ṣe ọmọ láǹfààní. Ọmọ mi kejì ti ń gba Àdúrà Olúwa láti òkè délẹ̀ kó tó dá A, B, D mọ̀. Gẹ̀ẹ́sì lẹ̀ ń bá Tìmí sọ látàárọ̀ dalẹ́. Níbo ni yóò ti gbọ́ ojúlówó Yorùbá, bí kò ṣe nínú Bíbélì tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ lé lórí títí tó fi parí ní 1884, àti lẹ́nu àwọn ìyá àgbà tó ń kọrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀?

Ẹ kúrò lẹ́yìn, ẹ wá jókòó níwájú. Mo mọ̀ pé ojú ń tì ọ́, ṣùgbọ́n gèlè àti ẹ̀yìn àgbádá nìkan ni ọmọ ọdún mẹ́ta ń rí láti ẹ̀yìn. Nígbà tí Tìmí wà lọ́dọ̀ wa nígbà Àjíǹde, ẹ̀gbẹ́ dùùrù la gbé e jókòó sí. Ó di irin ìjókòó mú, ó ń wo ẹsẹ̀ onídùùrù bó ṣe ń tẹ pákó ìsàlẹ̀, ọ̀tún, òsì, kò mira títí a fi kọ Sáàmù tán. Ó wá rọra bi mí létí pé ṣé wọ́n ń jó ni.

Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni kí o ti lọ aṣọ, kí iná tó lọ, kí o wá bàtà méjèèjì rí, kí o sì ya owó ọrẹ sọ́tọ̀. Fún wọn ní ògì àti àkàrà kí o tó wọ̀ wọ́n láṣọ funfun. Mú ìró kan dání tí Ìbùkún yóò sùn lé. Má gbé bísíkíìtì inú ọ̀rá tó ń dún lọ. Bí Tìmí bá ké, gbé e jáde, fi í lọ́kàn balẹ̀, kí o sì gbé e wọlé padà. Má fún un ní fóònù tàbí súìtì níta o, bí ìta bá ti dùn ju inú lọ, yóò máa ké kó lè jáde ni.

Jọ̀ọ́, ka ibí yìí sí ọkọ rẹ létí. Bàbá Tìmí, mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn ẹgbẹ́ akọrin, ohùn yín sì dùn. Ṣùgbọ́n ẹnì kan kò lè máa fún ọmọ lọ́mú kó tún máa sáré tẹ̀ lé ọmọ ọdún mẹ́ta. Ẹ gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá akọrin títí Ìbùkún yóò fi mọ ìrìn, kí ẹ jókòó ti ìyàwó yín, kí Tìmí wà lórí ẹsẹ̀ yín. Ẹ̀kọ́ tí ọmọkùnrin ń rí kọ́ lára bàbá tó kúnlẹ̀ gbàdúrà kò sí nínú ìwàásù kankan.

Ìjọ náà ní ojúṣe tirẹ̀. Nígbà ìkórè àwọn ọmọdé, gbogbo wa ni à ń pàtẹ́wọ́ fún wọn bí wọ́n ti ń ka àkọ́sórí. Ẹni tó fẹ́ pàtẹ́wọ́ lọ́jọ́ ìkórè gbọ́dọ̀ lè fara da ẹkún lọ́jọ́ Ìsinmi lásán.

Ìkórè tiwa ń bọ̀. Ẹ wálé ní ọjọ́ Jímọ̀, gbogbo yín pátá. Màá gba àyè sílẹ̀ dè yín ní ìjókòó kejì lápá ọ̀tún, bí Ìbùkún bá sì ké, èmi fúnra mi ni màá pọ̀n ọ́n.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Ìyá Bọ́lá