Tọ́ọ̀ṣì Ọdẹ láti Memphis

Ẹni tó bá ní òun rí pírámíìdì ní Amẹ́ríkà, ẹ má pè é ní onírọ́ o. Ìlú Memphis ní ìpínlẹ̀ Tennessee ni mo ti rí i, létí odò Mississippi. Orúkọ ìlú Íjíbítì àtijọ́ ni wọ́n fi sọ ìlú náà, ni wọ́n bá kúkú kọ́ pírámíìdì tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 321 síbẹ̀. Ọdún 1991 ni wọ́n ṣí i. Básíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń gbá nínú rẹ̀ nígbà kan. Láti 2015, Bass Pro Shops ló wà níbẹ̀, àwọn tó ń ta ohun èlò ọdẹ àti tapẹja.

Àbúrò mi ló mú mi lọ. Àbúrò bàbá wa, ọdẹ ni wọ́n, ló rán mi níṣẹ́ tọ́ọ̀ṣì orí. Àtùpà kábáàdì ni wọ́n ti ń dè mọ́rí láti kékeré, wọ́n ní òórùn rẹ̀ ti ń ṣíwájú àwọn dénú igbó báyìí. Ẹ sì mọ̀ pé kì í ṣe etu ni wọ́n ń wá mọ́. Àwọn ajínigbé ni. Láti 2020 tí Àmọ̀tẹ́kùn ti bẹ̀rẹ̀ làwọn ọdẹ ti wà nínú iṣẹ́ náà, àwọn tí kò sì wọ̀ ọ́, bíi bàbá wa, ń ṣọ́ abúlé tiwọn. Ẹran kì í fi ìbọn dáni lóhùn.

Hẹ̀n, mo rí nǹkan! Omi wà nínú ilé, ọ̀nì gidi ń bẹ nínú rẹ̀. Igi ga lọ sókè, òtẹ́ẹ̀lì wà lókè, lífíìtì ń gbéni lọ síbi ṣóńṣó orí ilé. Wọ́n ń ta aṣọ tí wọ́n ya ewé sí, fèrè tó ń ké bíi pẹ́pẹ́yẹ, ìbọn lóríṣiríṣi. Ṣakabùlà ni ti bàbá wa.

Òyìnbó àgbàlagbà kan bi mí léèrè pé ẹran wo ni mo fẹ́ fi tọ́ọ̀ṣì pa. Ó ní ẹ̀ṣẹ̀ ni ní Tennessee láti fi iná yìnbọn fún àgbọ̀nrín lóru. Mo ní kì í ṣe ẹran. Mo ṣàlàyé.

Ó dákẹ́. Ó dá èyí tó mú sílẹ̀ padà, ó gbé òmíràn tó ní iná pupa. Ó ní iná pupa kì í tètè hàn lókèèrè, ojú kì í sì í ṣú èèyàn tó bá pa á. “Sọ fún bàbá, tó bá ti gbọ́ ohùn, kó pa á.”

Mo ra mẹ́rin pẹ̀lú bátìrì. Àbúrò mi ní, “Bọ̀dá mi, ẹnì kan ló rán yín níṣẹ́ o.”

Mo ní ṣé àwọn nìkan ló ń wọgbó ni?