Kí ọmọ yín tó lọ gé àpòlúkù ní Istanbul

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin àgbà wa, ẹ jẹ́ ká jọ dé Istanbul, ìlú ńlá kan ní orílẹ̀-èdè Tọ́kì. Omi Bosphorus ló là á sí méjì: apá kan wà ní Yúróòpù, apá kejì wà ní Éṣíà. Afárá mẹ́ta ló so wọ́n pọ̀, ọdún 1973 ni wọ́n ṣí àkọ́kọ́. Bí ẹ bá ń rìn nígboro, ẹran sísun ni imú yín á kọ́kọ́ gbọ́. Ẹ ó rí búrẹ́dì roboto tí wọ́n da yànmọ̀tí sí lára, àti baklava, ìpanu tí omi ṣúgà ń kán lára rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe oúnjẹ ni ọ̀pọ̀ àlejò bá débẹ̀. Wọ́n wá kí dókítà lè gé àpòlúkù wọn kù, kí wọ́n má lè jẹun púpọ̀ mọ́. Àwọn tó ń ti ìlú Gẹ̀ẹ́sì lọ pọ̀, torí ó máa ń pẹ́ kó tó kan ènìyàn nílé ìwòsàn ìjọba, owó ti aládàáni sì wọ́n ju ti Tọ́kì lọ. Bí ẹ bá lọ́mọ lọ́hùn-ún, ó lè jẹ́ ẹ̀yin ló máa kọ́kọ́ pè kó tó sanwó.

Ẹ má bú u pé alájẹkì ni. Nílé wa níbí, ẹni tó bá sanra la máa ń sọ pé ayé ń yẹ, ṣùgbọ́n sísanra jù máa ń fa ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru àti orúnkún dídùn. Ẹni tó ga ní mítà 1.6, bó bá ti wọn kílò 77, ó ti sanra jù. Síbẹ̀, iṣẹ́ abẹ kọ́ ló kàn. Ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó ga tó bẹ́ẹ̀ sábà máa ń tó kílò 102 kí wọ́n tó ṣe é fún un, tàbí kó tó kílò 90 pẹ̀lú àìsàn tí sísanra fà.

Nínú èyí tó wọ́pọ̀ jù, wọ́n máa ń gé nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àpòlúkù dànù. Èyí tó kù á rí gbọọrọ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀, kò sì ṣeé dá padà. Ó ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ṣùgbọ́n ojú ibi tí wọ́n rán lè máa jò, ẹ̀jẹ̀ sì lè dì nínú iṣan ẹsẹ̀, pàápàá bí ènìyàn bá tètè wọ bàálù. Títí ayé ni yóò máa lo fítámì, tí wọ́n á máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

Lóṣù Kejì ọdún 2023, àwọn kan lọ gba abẹ́rẹ́ Botox sínú àpòlúkù ní Tọ́kì, pàápàá ní Istanbul, kí ebi má baà máa pa wọ́n. Ó lé ní ọgọ́ta ènìyàn tí oògùn náà sọ iṣan ara wọn di rírọ. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì náà ti kìlọ̀ pé àwọn ará ìlú wọn kan ti kú lẹ́yìn ìrìnàjò ìtọ́jú lọ sí Tọ́kì. Kì í ṣe pé àwọn dókítà ibẹ̀ ò mọṣẹ́; ọ̀jáfáfá pọ̀ nínú wọn. Ọjọ́ mélòó kan péré ni aláìsàn ń lò lọ́dọ̀ wọn, àpòlúkù tí wọ́n gé á sì bá a délé.

Sísanra ń da Tọ́kì fúnra rẹ̀ láàmú. Lóṣù Karùn-ún ọdún 2025, ìjọba ibẹ̀ gbé òṣùwọ̀n sí gbàgede, wọ́n ń wọn àwọn tó ń kọjá. Wọ́n ní àwọn fẹ́ wọn mílíọ̀nù mẹ́wàá ènìyàn láàrin oṣù méjì. Ẹni tó bá wọn jù, ọ̀dọ̀ onímọ̀ oúnjẹ ni wọ́n ń darí rẹ̀ sí.

Nítorí náà, bí ọmọ yín bá pè, ẹ má bínú, ẹ má sì tètè gbà. Ẹ bi í: “Ta ni dókítà tó fẹ́ ṣe é? Ṣé dókítà rẹ nílé mọ̀ sí i? Bí inú bá ń dùn ọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ta ni wàá pè?” Ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ó kéré tán, ọdún méjì ló yẹ kí wọ́n fi máa ṣọ́ ẹni tí wọ́n ṣe é fún. Bí kò bá rí èsì sí ìbéèrè kẹta, kó dúró ná.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé ńkọ́? Òṣùwọ̀n wà nílé ìwòsàn tó súnmọ́ yín. Ẹ lọ gùn ún lọ́sẹ̀ yìí.