Arò Ilẹ̀kùn Ọgọ̀gà

Kábíyèsí, Ọgọ̀gà Alówólódù, ọba Ìkẹ́rẹ́, ilẹ̀kùn yín kò sí lẹ́nu ọ̀nà mọ́. Òpó kò sí lọ́dẹ̀dẹ̀. Àpáta Olósùnta ṣì dúró gbagidi lókè Ìkẹ́rẹ́, nítorí àpáta kò ṣeé kó sínú ọkọ̀ òkun. Igi ló ṣeé kó, igi ni wọ́n sì kó. Àwa tí a dé lẹ́yìn yín ń sunkún ohun tí ojú wa kò bá.

Ẹ kì í ṣe Aláàfin, ẹ kì í sì í ṣe Ọba Ìbíní, ṣùgbọ́n ẹ mọ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́. Ẹ pe Ọlọ́wẹ̀ wá láti Ìsẹ̀, ọmọ Ẹ̀fọ̀n-Aláayè tó ń ṣe ìránṣẹ́ fún Arínjalẹ̀, ọba Ìsẹ̀. Láti nǹkan bí 1910 títí di 1914 ló fi ń gbẹ́gi fún yín. Bí àṣà ti rí, lábẹ́ òrùlé ọba ni gbẹ́nàgbẹ́nà ti ń jẹ, ibẹ̀ ló ti ń sùn, títí iṣẹ́ fi máa parí. Ọdún mẹ́rin! Ta ló tún ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀ fún igi lónìí?

Òpó kan ló ń dùn mí jù. Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ ọba sórí ìtẹ́, adé lórí ọba, ẹyẹ lórí adé. Ọba náà sì kéré. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rọ̀ dirodiro bí ti ọmọdé tí wọ́n gbé jókòó sórí àga àgbà, kò kanlẹ̀. Ayaba àgbà ló dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ga fíofío ju ọkọ lọ, ọwọ́ rẹ̀ wà lára ìtẹ́. Òun gan-an ni òpó náà. Òun ló ń ru òrùlé. Ọba mélòó ló máa rí ère ara rẹ̀ báyìí tí inú kò ní bí i? Ẹ̀yin rí i, ẹ sì jẹ́ kó dúró ní àgbàlá, níbi tí àlejò á ti rí i. Ayaba àgbà ló ń gbé adé lé ọba lórí. Ọlọ́wẹ̀ mọ̀, ẹ̀yin náà mọ̀. Òótọ́ tí gbẹ́nàgbẹ́nà lè fi igi sọ fún ọba, tí ọba á sì sanwó rẹ̀, òun la pàdánù. Nísinsìnyí, ìtẹ́ aláwọ̀ wúrà ń ti inú kọ̀ntánà wọ ààfin.

Ilẹ̀kùn wá ńkọ́? Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ yín sí apá kan, ẹ jókòó pẹ̀lú adé. Ó gbẹ́ Kápúténì Ambrose, òyìnbó ìjọba, sí apá kejì, àwọn ènìyàn ló gbé e rù. (Mo máa ń rẹ́rìn-ín díẹ̀ níbẹ̀: àlejò tí kò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ̀lú.) Ní 1924 wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá tí Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley. Ojú British Museum wọ̀ ọ́. Ẹ kò tà á fún wọn. Ẹ ní kí wọ́n fi nǹkan dípò rẹ̀, àga ọba tí wọ́n ṣe nílùú òyìnbó lẹ sì gbà.

Kábíyèsí, ẹ dárí jì mí: pàṣípààrọ̀ yẹn kò dára. Bóyá ẹ rò ó pé Ọlọ́wẹ̀ ṣì wà láyé, pé á gbẹ́ òmíràn. Ní 1938, Ọlọ́wẹ̀ kú.

Àádọ́ta ọdún lẹ́yìn rẹ̀, ní 1988, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó tó fi sílẹ̀ ṣì ń ki oríkì rẹ̀, ó rántí ọwọ́ tó ń gbẹ́ ìrókò bí ẹni ń gbẹ́ igbá. Ó ti pẹ́ nígbà náà tí ilẹ̀kùn ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Òpó ayaba náà ti dé Chicago láti 1984, wọ́n tan iná sí i lára, kò ru òrùlé kankan mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ Ìkẹ́rẹ́, ọmọ Ìsẹ̀, ọmọ Èmùré tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, a kì í gbowó lẹ́nu ọ̀nà British Museum. Ẹ lọ. Ẹ béèrè ilẹ̀kùn Ọgọ̀gà, kí ẹ sì fi èdè Èkìtì kí i. Ó pẹ́ tó ti gbọ́ ọ gbẹ̀yìn.