Agbo Ilé Ọmọ Tó Wà ní Harpenden

Ẹni tó bá dé Highfield Oval ní Harpenden, ní òkè Lọ́ńdọ́nù, yóò rí àwọn ilé tó yí pápá kan ká bí agbo ilé. Ṣọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn ajíhìnrere ẹgbẹ́ YWAM ló ń gbé ibẹ̀ báyìí. Àwọn ọmọ tí wọ́n tìtorí wọn kọ́ ọ ti tú ká.

Àwọn Mẹ́tọ́díìsì ló kọ́ ọ. Àlùfáà wọn, Thomas Bowman Stephenson, ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà lọ́dún 1869 ní Lambeth, nínú ilé ẹṣin àtijọ́ kan. Àwọn ọmọ tó ń sùn níta ló ká a lára. Kò fẹ́ kó wọn jọ sínú ilé ńlá bíi bárékè sójà. Ìdílé kéékèèké ló fẹ́, kí ilé kọ̀ọ̀kan ní ẹni tí yóò máa ṣe ìyá fún wọn. Nígbà tí agbo ilé Harpenden ṣí lọ́dún 1913, ètò yìí náà ni wọ́n tẹ̀ lé. Àwọn ọmọkùnrin tiẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ìwé títẹ̀ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n oyin nìkan kọ́ ni. Láti 1873 ni ẹgbẹ́ tí Stephenson dá sílẹ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọmọ sínú ọkọ̀ ojú omi lọ sí Kánádà, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fojú kan ẹbí mọ́. Ọdún 2010 ni Gordon Brown, olórí ìjọba Bìrìtìkó nígbà náà, tó wá tọrọ àforíjì lórúkọ ìjọba fún irú ìkólọ bẹ́ẹ̀. Ó ti pẹ́ jù.

Lẹ́yìn ogun Hitler ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ìgbìmọ̀ Curtis, tí ìjọba ní kó wádìí ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò sí lọ́dọ̀ òbí, jábọ̀ lọ́dún 1946, òfin ọmọdé sì dé lọ́dún 1948: ó sàn kí ọmọ wà lọ́dọ̀ alágbàtọ́ ju kó wà nílé ọ̀pọ̀ èrò. Mo gbà pẹ̀lú wọn. Lọ́dún 1985 ni agbo ilé Harpenden tilẹ̀kùn. Ẹgbẹ́ náà ti di Action for Children láti 2008. Wọ́n ń wá alágbàtọ́, wọ́n sì ń ran òbí lọ́wọ́ kí ilé má bàa dàrú. Láyé ọjọ́un, igbá ọrẹ ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé. Lónìí, owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà.

Síbẹ̀, àárò agbo ilé náà ṣì ń sọ mí. Ẹni tó dàgbà ní Highfield lè mú ọmọ tirẹ̀ wá, kó nawọ́ sí fèrèsé kan pé, “Yàrá tí mo sùn sí rèé.” Ọmọ tí wọ́n ń gbé láti ọwọ́ alágbàtọ́ kan sí òmíràn, ilé ta ni yóò nawọ́ sí?