Ojú Ewé 22

Ọwọ́ ara mi ni mo fi fà á ya. Mi ò rán ọmọ kankan, inú ò sì bí mi. Mo tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì, mo fi ọwọ́ òsì tẹ àárín rẹ̀, mo fi ọ̀tún fa ojú ewé 22 yọ, mo rún un mọ́wọ́, mo jù ú sínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí. Mo wá sọ fún ọmọ tó ni ín pé kó lọ wo ti ẹni tó jókòó tì í, kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. "Ẹ má bínú, mà," ló sọ. Òun ló tún ń bẹ̀ mí.

Ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ JSS 2 ní Ìbàdàn. Ọdún yẹn ni mo kọ́kọ́ mú irú ìwé kan wọ kíláàsì mi, èyí tí àwọn olùkọ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ń pè ní interactive notebook. Nídìí ẹ̀kọ́ ìtàn ló ti gbajúmọ̀ lọ́hùn-ún kí àwọn olùkọ́ ìṣirò tó gbà á. Ọmọ kọ̀ọ̀kan á ra ìwé 80 leaves kan, a ó fi nọ́ńbà sí gbogbo ojú ewé rẹ̀ láti 1 dé 160, a ó sì ya díẹ̀ sọ́tọ̀ níwájú fún àkóónú. Bí a bá ti kọ́ nǹkan tuntun, àkọlé rẹ̀ àti nọ́ńbà ojú ewé rẹ̀ á wọ ibẹ̀. Apá ọ̀tún jẹ́ ti olùkọ́: òfin, àpẹẹrẹ, bébà aláwọ̀ tí a ká, tí a fi gọ́ọ̀mù lẹ̀, tí ọmọ lè ṣí bí ẹni ṣílẹ̀kùn. Apá òsì jẹ́ ti ọmọ. Ibẹ̀ ni yóò ti fi ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀, àwòrán ara rẹ̀ àti ìṣirò tó gbé kalẹ̀ fúnra rẹ̀ sọ ohun tó yé e.

Mo fẹ́ràn ìwé náà, mo ṣì fẹ́ràn rẹ̀ dòní. Ẹni tó bá ti kọ́ ọmọ 46 nínú kíláàsì kan rí á mọ bó ṣe ń rí kí ọmọ máa wá nóòtì ọ̀sẹ̀ kẹta nínú ìwé tí Basic Science àti orin ṣọ́ọ̀ṣì ti wọnú ara wọn. Pẹ̀lú àkóónú yìí, bí mo bá ní kí wọ́n ṣí ibi tí a ti kọ́ ìdá, gbogbo wọn á ti ṣí i kí n tó nu pátákó tán.

Ohun tí mo ṣe tí kò dáa ni pé mo gba apá òsì mọ́ àwọn ọmọ lọ́wọ́.

Kì í ṣe ọjọ́ kan ni mo gbà á. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní wọ́n kọ ohun tó wù wọ́n, ó sì rí wúruwùru. Ní ọ̀sẹ̀ kejì mo ya àwòrán kan sójú pátákó kí wọ́n lè rí àpẹẹrẹ, ni ọ̀pọ̀ wọn bá dà á kọ bó ṣe wà. Ó dùn mọ́ mi nínú. Nígbà tí a wá gbọ́ pé àwọn alábẹ̀wò ń bọ̀ wá yẹ ìwé àwọn ọmọ wò, mo pàṣẹ pé gbogbo apá òsì gbọ́dọ̀ rí bákan náà.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an la wọ orí nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ òdo. Lójú ewé 23, lábẹ́ bébà pupa kékeré kan, mo ní kí wọ́n kọ ọ́ pé: "Máínọ́ọ̀sì méjì di púlọ́ọ̀sì." Lójú ewé 22, kí wọ́n ya máínọ́ọ̀sì méjì tó dábùú ara wọn. Ó rọrùn láti rántí, ó sì dùn-ún wò. Ṣùgbọ́n mi ò sọ irú máínọ́ọ̀sì méjì tí mò ń wí. Ìgbà tí àmì méjèèjì bá tẹ̀ lé ara wọn láìsí nọ́ńbà láàárín, bíi −3 − (−5) tó jẹ́ 2, ni ọ̀rọ̀ yẹn wà fún. Kò kan −3 − 5 rárá.

Ọmọkùnrin tí mò ń wí yìí kò ya àwòrán tèmi. Àwo ẹ̀wà ló yà, ooru ń rú lórí rẹ̀, ó wá kọ ọ́ sábẹ́ pé: "Mo jẹ ìyá ẹlẹ́wà ní 300 náírà. Mo tún jẹ ẹ́ ní 500. Gbogbo gbèsè mi jẹ́ 800." Ìlà tó tẹ̀ lé e ni −300 − 500 = −800. Epo ti ta sí igun bébà náà.

Ó tọ̀nà. Ojú mi rí i pé ó tọ̀nà. Ohun tí ọkàn mi ń wò ni pé kò jọ ti àwọn yòókù.

Nígbà ìdánwò ìparí táàmù, mo bi wọ́n ní −3 − 5. Nínú ọmọ 46, 31 ló kọ 8. Mo ń fi báírò pupa sàmì sí i, inú ń bí mi sí wọn, títí mo fi kan ìwé ọmọ yìí. Òun náà kọ 8. Ó ti kọ́kọ́ kọ −8, ó wá fa ìlà la á láàárín. Ìlà náà gún régé. Rúlà ló fi fà á.

Mo pè é. "Kí ló dé tó o fi pa èyí rẹ́?"

Ó wolẹ̀. "Ẹ ti ní tèmi ò dáa, mà."

Mi ò rí nǹkan sọ.

Ìgbà tí mò ń wá ọ̀nà tí mo lè gbà tún un kọ́ wọn ni mo kà nípa Brahmagupta, onímọ̀ ìṣirò ará Íńdíà, tó kọ òfin irú nọ́ńbà yìí sínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 628. Ó pe nọ́ńbà tó ju òdo lọ ní ọrọ̀, ó pe èyí tó wà nísàlẹ̀ òdo ní gbèsè. Bí a bá da gbèsè pọ̀ mọ́ gbèsè, gbèsè náà ni. Bí wọ́n bá sì mú gbèsè kúrò lọ́rùn rẹ, owó rẹ lé sí i nìyẹn. Ohun tí −(−5) ń sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tó ti ń pe 35 ní márùndínlógójì láti kékeré mọ ohun tí dídín ń jẹ́. Èmi ni mi ò jẹ́ kó ti ibi tó mọ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ní táàmù kejì, mo ní kí wọ́n lẹ bébà mìíràn lé ojú ewé 23 lórí. Mo rò pé ó tán síbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin tí ìwé rẹ̀ mọ́ jù ní kíláàsì tún kọ 8. Nígbà tí mo ní kò rí bẹ́ẹ̀, ó ṣí àkóónú, ó fi ìka tọ ọ́ wálẹ̀, ó ṣí ojú ewé 23, ó fi èékánná gbé bébà tuntun náà díẹ̀, ó sì fi ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ hàn mí. "Ó wà níbí, mà. Ẹ̀yin lẹ ní ká kọ ọ́." Ohun tó mú ìwé yẹn dáa, pé nǹkan kì í sọnù nínú rẹ̀, òun ló gbé àṣìṣe mi pa mọ́ fún wọn.

Lọ́jọ́ táwọn òbí wá wo iṣẹ́ ọmọ wọn, ìyá ọmọkùnrin náà gbé ìwé rẹ̀ wá bá mi. "Àǹtí, ẹ dákun, ìwé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà yìí, kí ló dé tó ń já?" Irin ni wọ́n fi gún irú ìwé bẹ́ẹ̀ láàárín. Bébà kan náà ló gbé ojú ewé 21 àti 22 níwájú, tó tún gbé 139 àti 140 lẹ́yìn. Nígbà tí mo fa ti iwájú ya, ti ẹ̀yìn ò ní ohun tó dì í mú mọ́.

Mo sọ fún un níṣojú ọmọ rẹ̀ pé èmi ni mo fà á ya, àti pé ohun tí ọmọ kọ síbẹ̀ tọ̀nà. Ó wò mí títí. Ó wo ọmọ rẹ̀. "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ ọ́," ló wí.

Mo fi gọ́ọ̀mù lẹ ojú ewé 139 padà. Mo gé bébà funfun kan, mo lẹ̀ ẹ́ sí ibi tí ojú ewé 22 wà tẹ́lẹ̀, mo ní kó jọ̀ọ́ kó tún àwo ẹ̀wà náà yà fún mi. Ó ní òun ti gbàgbé bó ṣe rí. Mi ò fipá mú un. Títí wọ́n fi wọ JSS 3, kò sí ohunkóhun lórí bébà náà bí kò ṣe nọ́ńbà 22 tí èmi fúnra mi kọ sí i lókè.